Ọmọ ọdún 7 ń gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin létí, ẹ̀gbọ́n sì ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ARÁNṢỌ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú ẹnikẹ́ni, ẹbí mi ni gbogbo wọn.

Ọmọ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí. Obìnrin ni àkọ́bí, ọmọ ọdún 10. Ọkùnrin ni èkejì, ọmọ ọdún 7. Tí wọ́n bá ti gba ọlidé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ, torí ìyá wọn ń tajà ní Òkè-Ajé, kì í tètè délé.

Ohun tí mo rí nìyí. Ọmọkùnrin yìí ní kí ẹ̀gbọ́n òun lọ bu omi wá fún òun. Ẹ̀gbọ́n ní kó ṣe sùúrù, kóun parí ohun tóun ń kọ. Bó ṣe dìde nìyẹn, ó fọ́ ọ létí, ó ní, "Ṣé èmi lò ń dá lóhùn?" Ohùn bàbá rẹ̀ gan-an ni, bí bàbá yẹn ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Mo sáré dìde nídìí máṣìnnì. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọbìnrin ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ àbúrò rẹ̀ pé kó má bínú.

Mo sọ fún màmá wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọkùnrin ni, ó ti ń mọ̀ pé òun lolórí ilé." Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kò fèsì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń lù ú. Gbogbo ẹbí ló mọ̀. Kì í mutí, kì í ṣe ọ̀lẹ, ó ń san owó ilé ìwé àwọn ọmọ, èèyàn pàtàkì sì ni nínú rẹgbẹ́rẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà rẹ̀. Ẹni tó bá rí i lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, tó wọ agbádá, tó ń ki àwọn èèyàn tẹ̀rín-tẹ̀rín, kò lè rò ó sí i láé. Èmi ni mo rán àǹkóò tí ẹ̀gbọ́n mi wọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n ṣe apá búbá náà ní gígùn. Mo rán an, mo ní kó wọ̀ ọ́ wò, lójú tèmi ó ti tó. Ọmọbìnrin yẹn ló sún mọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ fi kún un díẹ̀ sí i. Tí màmá mi bá gbọ́wọ́ sókè, á hàn."

Ọmọ ọdún 10 ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ ibi tí ojú àpá wà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bò ó.

Ẹ̀gbọ́n mi ní torí àwọn ọmọ lòun ṣe ń fara dà á, pé òun ò fẹ́ kí wọ́n dàgbà láìsí bàbá nílé. Àbúrò lèmi, ó níbi tí ẹnu mi mọ. Báwo ni kí n ṣe ti ọmọkùnrin yìí? Ṣé kí n nà án ni? Báwo ni mo sì ṣe lè bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ tí kò fi ní rò pé mo fẹ́ tú ilé òun ká?

ÌYÁ ÌBEJÌ ÌJẸ̀BÚ-IGBÓ
Háà! Ó kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ kẹ̀? Àbúrò mi, wá ẹgba tó dáa. Mẹ́fà péré, kò ní dán an wò mọ́. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

MẸKÁNÍÌKÌ ÌPẸRU
Ẹ má bínú sí mi o. Ẹni tó bá dá sọ́rọ̀ tọkọtaya, òun ló máa dọ̀tá lẹ́yìn tí wọ́n bá parí ẹ̀ lóru. Ọkùnrin yìí ń gbọ́ bùkátà, kò jáde lọ kó obìnrin wálé. Bàbá tàwa náà na ìyá wa lójú wa, a ò kú, a ò sì di ìpáǹle. Ọmọ ọdún 7 kò mọ nǹkan kan. Ó máa gbàgbé.

TÍṢÀ ÀGỌ́-ÌWÒYÈ
Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, ẹ kú àárọ̀ sà. Tí ọmọ yẹn bá máa gbàgbé ni, kò ní mọ gbólóhùn bàbá rẹ̀ sórí tòun ti ohùn tó fi ń sọ ọ́.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti pẹ́. Ọmọ tó bá ń rí ìjà nílé kì í pẹ́ kí n tó dá a mọ̀. Ó láwọn tó ń jà. Ìwọ̀nyẹn, gbogbo ayé ló ń rí wọn: wọ́n á kó wọn lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá, wọ́n á ránṣẹ́ pe òbí wọn. Ṣùgbọ́n ó láwọn míì tí wọ́n ṣáà dáa ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ló ń kọ́kọ́ gbálẹ̀. Wọn kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. O ò tíì la ẹnu, wọ́n ti ní "ẹ má bínú, mà." Tí abọ́ bá já bọ́ lẹ́yìn kíláàsì, ara wọn á bù rìrì. Ìparí táàmù, a óò kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni, oníwà pẹ̀lẹ́, inú gbogbo wa á sì dùn. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, torí pé ohun tí à ń retí lọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà nìyẹn, kó dákẹ́, kó mú un mọ́ra. Kò sẹ́ni tó máa ń bi wọ́n pé kí ló ṣe ẹ́.

Nítorí náà, Aránṣọ, ọmọkùnrin lo béèrè nípa rẹ̀, ọmọbìnrin ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù. Ọmọ tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi apá aṣọ bo ojú àpá ìyá rẹ̀ ti ń múra sílẹ̀ de ọkọ tirẹ̀.

Ní ti ọmọkùnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má nà án. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín o, mà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilé tó ti ń bọ̀. Ipò méjì péré ló wà níbẹ̀: ẹni tó ń lù, àti ẹni tí wọ́n ń lù. Ọmọ náà ti wo méjèèjì, ó sì ti mú èyí tí kò dun èèyàn lára. Tí Àǹtí rẹ̀ bá tún wá fi ẹgba lé e lórí, ohun tó máa rí kọ́ ni pé ẹni tó bá lágbára ló ń na ẹni tí kò lágbára, bàbá òun ò sì ṣẹ̀. Ó yẹ kó rí ilé kan tí wọ́n ti ń bínú tí ẹnikẹ́ni ò jẹgba.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá di ọwọ́ ọmọ náà mú, màá bẹ̀rẹ̀ kí ojú wa lè bára wọn, màá sì sọ fún un pé, "Níbí, a kì í lu ara wa. O lè bínú, o lè sunkún, o ò lè lù ú." Ẹ fi sí i pé ó lè sunkún. Wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún. Tí ẹ̀rù bá wá ń bà á lóru tó ń gbọ́ igbe ìyá rẹ̀, ibo ni kó gbé ẹ̀rù yẹn gbà? Ìbínú nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un.

Kó máa bu omi tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwo tóun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi jẹun, lónìí òun ló máa fọ̀ ọ́, lọ́la ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Má sì bú bàbá rẹ̀ lójú rẹ̀ o. Ó fẹ́ràn bàbá yẹn. Ohun tí bàbá ṣe ni kó o sọ pé kò dáa.

ÀKỌ́BÍ ÒDÈ RẸ́MỌ
Mi ò kì í dá sí ọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹ̀yin alábòójútó mọ̀. Ṣùgbọ́n "torí àwọn ọmọ" yẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀.

Irú ilé yẹn ni wọ́n bí mi sí. Èmi ni àkọ́bí. Láti ìgbà tí mo wà ní kékeré ni mo ti mọ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe máa ń dún lẹ́nu géètì tó bá jẹ́ pé òru ọjọ́ yẹn kò ní dáa. Màá kó àwọn àbúrò mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn, màá tan rédíò sókè. Títí di òní, tí ẹnì kan bá ń yí kọ́kọ́rọ́ tí kò tètè ṣí, àyà mi á já, bẹ́ẹ̀ mo ti ní ilé tèmi, ìyàwó mi ló sì ń wọlé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, màmá mi á pè wá, wọ́n á ní, "Torí yín ni mo ṣe wà níbí o, ẹ kàwé yín." Wọ́n rò pé ìfẹ́ ni wọ́n ń fi hàn wá, ìfẹ́ náà sì ni. Ohun tí èmi gbọ́ ni pé àwa la so wọ́n mọ́lẹ̀. Mo máa ń rò ó nínú ọkàn mi pé ká ní wọn ò bí wa ni, wọn ì bá ti lọ. Ọmọdé ló ń ro irú nǹkan bẹ́ẹ̀ o. Mo kàwé lóòótọ́, ẹ̀rù ló ń lé mi kà á.

Ẹ̀gbọ́n Mẹkáníìkì, ẹ ní ẹ ò kú. Èmi náà ò kú. Kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fún àwọn ọmọ tèmi nìyẹn.

NỌ́Ọ̀SÌ ṢÁGÁMÙ
Mo ń ka èyí lórí iṣẹ́ òru. Ọmọ Òdè Rẹ́mọ, ẹ kú ìrọ́jú.

Ohun tí ẹ sọ nípa kọ́kọ́rọ́ yẹn, ara ló ń rántí. Tí ọmọdé bá ń gbé inú ìpayà lójoojúmọ́, ara rẹ̀ kì í dẹ̀, ńṣe ló máa ń wà ní ìmúrasílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sá. Kì í sùn dáadáa, inú á máa run ún tí dókítà ò ní rí nǹkan kan, òmíì tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sílé á tún bẹ̀rẹ̀, òmíì á máa kólòlò. Wọ́n á ní kò fọkàn sí ìwé rẹ̀. Kò lè fọkàn sí i ni.

Kì í sì í tán ní kékeré. Lọ́dún 1998, dókítà Felitti àti Anda gbé èsì ìwádìí jáde ní Amẹ́ríkà. Àwọn àgbàlagbà tó lé ní 9,000 ló dáhùn ìbéèrè nípa ohun tójú wọn rí ní kékeré, lílù tí wọ́n ń lu ìyá wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Bí irú nǹkan wọ̀nyí ṣe pọ̀ tó nínú ìgbà ọmọdé èèyàn ni àìsàn ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì, ọtí àmujù àti gbígbìyànjú láti pa ara ẹni ṣe ń pọ̀ tó nígbà tó bá dàgbà. Níbí náà ńkọ́? Ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49, 31 ni wọ́n ti lù rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Ẹ ro iye ọmọ tó wà nínú àwọn ilé yẹn.

Ohun tó ń fún mi lókun ni pé àgbàlagbà kan ṣoṣo tí ọmọ lè fọkàn tẹ̀, tí kì í yí padà, ń ṣe ọmọ láǹfààní gan-an. Aránṣọ, ó jọ pé ìwọ ni. Tọ́mọ bá sì nílò ìtọ́jú, a ní dókítà àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn ńlá wa ní Ṣágámù, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àró sì wà l'Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ Àró, ohun tó ń wá sọ́kàn yín ni wèrè. Ẹ mú ìyẹn kúrò lọ́kàn. Wọ́n ń tọ́jú ọmọ tí kò rí oorun sùn níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ṣé èyíkéyìí nínú wọn ń tọ̀ sílé?

ARÁNṢỌ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Omijé ni mo fi ka ti Bọ̀dá Òdè Rẹ́mọ.

Nọ́ọ̀sì, ọmọkùnrin ló ń tọ̀. Ó ti fi í sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó tún padà síbẹ̀. Wọ́n máa ń ní kó ru ẹní rẹ̀ jáde sí àgbàlá kí àwọn ọmọ ilé lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọkùnrin ṣe ń tọ̀ sílé bí ọmọ ìkókó. Ọmọbìnrin kì í tọ̀. Ṣùgbọ́n kì í bọ́ sálúbàtà sùn, kódà nílé tèmi. Mo bi í lánàá lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Tíṣà. Ó ní kóun lè tètè sáré lọ kan ilẹ̀kùn Ìyá Àlàkẹ́ tó wà lódìkejì ni, torí òkúta pọ̀ lọ́nà yẹn.

AGBẸJỌ́RÒ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin, torí mo rí i pé àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ inú ilé kò kan ìjọba.

Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tó ka ìwà ipá sí èèyàn léèwọ̀ lọ́dún 2015, ìpínlẹ̀ Ògùn wa náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2017. Nínú òfin 2015 yẹn, ẹni tó bá lu ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò ju ₦200,000 lọ, tàbí méjèèjì. Adájọ́ tún lè pàṣẹ pé kí onítọ̀hún má ṣe fọwọ́ kan obìnrin náà mọ́, kó má sì dé ibi tó ń gbé. Kò pọn dandan kó jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló máa béèrè àṣẹ yẹn. Tó bá ti fọwọ́ sí i, ẹlòmíì lè bá a béèrè.

Ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin ń bẹ̀rù ni pé tí wọ́n bá kúrò, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ wọn, pé bàbá ló lọmọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ ti wà láti 2003, Ògùn gba tirẹ̀ wọlé ní 2006. Ire ọmọ ni adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò. Ìwà ipá inú ilé sì wà lára ohun tó yẹ kó wò. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín.

Ẹ má sì rò pé ọmọ ò mọ̀. Ẹ rántí Osinachi Nwachukwu, olórin ẹ̀mí tó kú l'Abuja ní oṣù kẹrin ọdún 2022. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tó jẹ́rìí ta ko bàbá wọn ní kóòtù, wọ́n sì dájọ́ ikú fún bàbá náà lọ́dún 2025. Ohun tí wọ́n fojú rí nílé ni wọ́n lọ sọ.

Ẹ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn agbẹjọ́rò obìnrin tí wọ́n ń pè ní FIDA máa ń gba irú ẹjọ́ báyìí, Legal Aid Council náà wà fún ẹni tí kò lówó. Tí wọ́n bá tún lù ú, kó lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó ya fọ́tò, kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù tìẹ.

MẸKÁNÍÌKÌ ÌPẸRU
Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà pé ọkùnrin lolórí ilé. Ṣùgbọ́n ti ọmọ tó ń wọ sálúbàtà sùn yẹn, kò dáa. Olórí ilé kọ́ nìyẹn.

Ohun tí mi ò rí i kẹ́nikẹ́ni sọ nìyí: ta ló máa bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀? Tó bá jẹ́ obìnrin nìkan ló ń sọ ọ́, kò ní gbọ́, mo mọ irú wa. Ẹ wá ẹnì kan nínú rẹgbẹ́rẹgbẹ́ rẹ̀ tó bọ̀wọ̀ fún, kó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì sọ fún un pé wọ́n ti mọ̀.

ALHAJA ÒKÈ-AJÉ
Mẹkáníìkì, o káre fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é láìjẹ́ pé obìnrin náà mọ̀, láìjẹ́ pé ó sì fọwọ́ sí i. Mo ti fojú ara mi rí i rí, wọ́n bá ọkọ sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án, ìyàwó ló jìyà ẹ̀ lóru, torí pé ó tú àṣírí ilé síta.

Aránṣọ, ọmọ mi, kọ́kọ́ bi ẹ̀gbọ́n rẹ bóyá ọkọ yẹn ti fún un lọ́rùn rí, tàbí ó ti yọ nǹkan sí i pé òun máa pa á. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, ẹ ò ní pe ìpàdé ẹbí kankan. Kó kó ọmọ kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti ń di obìnrin lọ́rùn lè pa á lọ́jọ́ kan.

Tí kò bá tíì dé ibẹ̀, má sọ fún un pé kó kọ ọkọ rẹ̀. Tó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà rẹ̀, á sì yẹra fún ẹ, ẹnì kan ṣoṣo tó ní á sì ti lọ. Ohun tó o rí lára àwọn ọmọ ni kó o sọ fún un. Sọ ti apá aṣọ, sọ ti sálúbàtà, sọ ti etí tí àbúrò fọ́. Kó o wá dákẹ́. Ó ní torí àwọn ọmọ lòun ṣe wà níbẹ̀, jẹ́ kó rí àwọn ọmọ náà.

Gba ìwé ìbí àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, àti ti ilé ìwé wọn, kó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ. Aṣọ díẹ̀, owó díẹ̀. Kí Ìyá Àlàkẹ́ yẹn mọ̀ pé tí ọmọ bá kanlẹ̀kùn lóru, kí wọ́n ṣí i. Kó o sì sọ fún ọmọbìnrin náà pé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti bọ́ sáàárín wọn o, kó mú àbúrò rẹ̀ kó sá.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ẹ̀sìn bò ó. A gbọ́ ọ látẹnu Àíṣà, ìyàwó Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, pé Òjíṣẹ́ kò fọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin rí. Kí màmá yín tó ń rẹ́rìn-ín náà gbọ́ ọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

ÌYÁ ÌBEJÌ ÌJẸ̀BÚ-IGBÓ
Tíṣà, mo gbà. Ẹ ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má jẹ́ kọ́mọ yẹn ru ẹní jáde mọ́ o. Kó máa tọ̀ kó tó sùn, kẹ́nì kan jí i lẹ́ẹ̀kan lóru. Báwọn ìbejì mi ṣe fi í sílẹ̀ nìyẹn.

ARÁNṢỌ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE
Mo béèrè ti ọrùn. Ó ní rárá, wọn ò tíì fún òun lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ó ní kí ló dé tí mo ń béèrè. Mo sọ ti sálúbàtà fún un. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, kò sọ̀rọ̀ títí mo fi parí aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi. Ó wá ní òun ò mọ̀ pé ó ń wọ̀ ọ́ sùn. Ó ní kí n di ìwé ìbí àwọn ọmọ mú, pé òun á kó o wá. Kò ní òun máa lọ, kò sì ní òun ò ní lọ.

Alhaja, Òkè-Ajé lòun náà ń tajà, ìsọ̀ aláṣọ ló wà. Ó lè jẹ́ pé ẹ mọ ara yín. Ṣé ẹ lè fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀? Ọ̀rọ̀ mi ò tíì tó fún un, ó nílò ẹni tó jù ú lọ.

ALHAJA ÒKÈ-AJÉ
Mo ti fi ránṣẹ́. Kó wá bá mi lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun Àsárì, ọkọ rẹ̀ á rò pé ọjà ló wá rà. Kó mú ọmọbìnrin yẹn dání. Má tíì sọ fún màmá yín.